Ohun tí Ọ̀pá Òṣùwọ̀n Wí

Tí ẹ bá ń wá ilé tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún irin ju ènìyàn lọ, ilé ẹni tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe ni kí ẹ lọ. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bàbá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onísìkéèlì. Òun ni àwọn alápatà, àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun, àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin, títí kan ilé ìwòsàn, máa ń gbé òṣùwọ̀n wá bá nígbà tí nǹkan náà bá ti ń ṣe ségesège. Ìsàlẹ̀ ni ìsọ̀ wà, òkè ni ìdílé ń gbé, àtẹ̀gùn tó lọ sókè ọ̀hún sì máa ń rùn fún epo ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá ọmọ náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, ọkọ òun á kọ́kọ́ gbé òun sórí òṣùwọ̀n kó tó sunkún.

Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n ẹnu tó fi ń bá àwọn oníbàárà wí kì í ṣe ẹnu kékeré. Tí alápatà bá fi ọwọ́ ọlọ́ràá kan abọ́ òṣùwọ̀n, á ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọwọ́ yín. Ọ̀rá náà ní ìwọ̀n tiẹ̀ o." Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì nu ọwọ́. Kí ó tó mọ lẹ́tà ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀pá òṣùwọ̀n, bàbá rẹ̀ sì ń fi í yangàn lójú gbogbo ẹni tó bá yà sí ìsọ̀.

Òfin kan wà ní ìsọ̀ náà tí bàbá yìí kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá dúró ti ọ̀pá gbọ́dọ̀ pe iye tó rí sókè ketekete, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ìwọ̀n tí a kò bá tíì pè, bàbá á ní, kò tíì di ìwọ̀n. Èyí tí a bá sì ti pè, kò ṣeé kó padà sẹ́nu mọ́, nítorí ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. "Ohun tí ọ̀pá bá wí ni kí o wí," ló máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Tí nǹkan kan bá rú ọ lójú, pa ẹnu rẹ dé títí màá fi dé ibẹ̀." Ọmọ náà kì í sábà pa ẹnu dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀ rí, aláǹgbá ló wọ inú òṣùwọ̀n lọ́jọ́ náà.

Òṣùwọ̀n tó jọba lórí gbogbo ìyókù wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ìsọ̀. Pẹpẹ irin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ènìyàn lè dúró lé, òpó kan nà sókè, ọ̀pá gígùn kan sì dùbúlẹ̀ lórí òpó náà. Lára ọ̀pá yìí ni irin kékeré kan wà tí wọ́n ń tì síwá tì sẹ́yìn. Bí irin náà bá dé ojú iye tó yẹ, imú ọ̀pá á léfòó, kò ní kan òkè, kò sì ní kan ìsàlẹ̀. Bí ohun tó wà lórí pẹpẹ bá wúwo ju iye tí wọ́n tì í sí lọ, imú ọ̀pá á fò sókè, á sì dún gbà! mọ́ irin tó dá a dúró. Ẹgbẹ́ eléré ìdárayá pàápàá, òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n fi ń yẹ tiwọn wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo orúkọ rere tí Bàbá Onísìkéèlì ní láyé, orí pẹpẹ yẹn ló dúró lé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, lẹ́yìn ìyá àti bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tí Ọ̀gá Kékeré fẹ́ràn tó Agbókè. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin náà nìyẹn. Àwọn ènìyàn ló fún un lórúkọ náà, nítorí irin tó máa ń gbé lọ sókè orí, ọkùnrin méjì á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Tí kò bá sí oníbàárà, á dúró níwájú àwọn irin ìwọ̀n bàbá rẹ̀, á ya ẹsẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á mí hòó, á sì gbé irin kílò márùn-ún sókè orí bí ẹni tí gbogbo ayé ń wò. Lọ́jọ́ kan irin náà bọ́, ó já lu ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ké, ó nu ojú, ó tún gbé e, torí ó dá a lójú pé Agbókè kì í sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Bàbá Onísìkéèlì ń fi aṣọ nu òṣùwọ̀n alápatà kan tó ti tún ṣe tán, alápatà náà sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣàlàyé ayé fún un. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so fèrè mọ́rùn wọlé. Kóòṣì àwọn tó ń gbé irin ni, gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá wá yẹ òṣùwọ̀n wò ló máa ń bá wọn wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan péré la fẹ́ wọ̀n. Bọ́ọ̀sì wa ń lọ lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa wọ̀n wá fún ìdíje, mi ò sì fẹ́ kí ojú tì mí lọ́hùn-ún."

Obìnrin kan tẹ̀lé e wọlé. Ó wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn nínú oòrùn ọ̀sán, ó fi fìlà rẹ̀ bo orí, òógùn sì ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Kò ga ju ìyá Ọ̀gá Kékeré lọ. Ọmọ náà rò pé aláìsàn ni. Ó ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n rọra, kí òógùn má kán sórí òṣùwọ̀n alápatà, kó tó rí ọrùn obìnrin náà. Irú ọrùn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ láyé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù òkè ló ti mọ̀ ọ́n.

"Agbókè!" ni alápatà pariwo, ó sì dìde dúró bí ọmọ iléèwé. "Ẹ̀yin lẹ wà níwájú mi yìí? Áà, ìròyìn ò tó àfojúbà!"

Agbókè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ti là. Ọ̀gá Kékeré kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúnlẹ̀ bá a. Ìròyìn ò tó àfojúbà kẹ̀? Lójú tiẹ̀, ìròyìn náà ju àfojúbà lọ fíìfíì. Ẹni tó wà nínú àwòrán ga, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì yà bíi ti kìnnìún. Eléyìí dúró bí ẹni tó ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Ìṣòro kan wá yọjú. Kóòṣì ní aṣọ tó wà lára rẹ̀ nìkan tó kílò méjì, ó gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo rẹ̀ ku àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò wá wọlé lọ ka ọ̀pá? Ìyá ilé wà níbi iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà wo ara wọn.

"Èmi lè dijú kà á o," ni alápatà wí.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́," ni Bàbá Onísìkéèlì dá a lóhùn. "Ọmọ mi á kà á."

Kóòṣì wo Ọ̀gá Kékeré láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ yìí, Bàbá? Ọ̀rọ̀ ńlá ni o. Ìdíje àwọn tí kò ju ọgọ́ta kílò lọ ló ń lọ, ọgọ́ta ni mò ń wá. Tó bá fi díẹ̀ ju ọgọ́ta lọ, ẹlòmíì ló máa wọ bọ́ọ̀sì."

"Iye ìgbà tí ọmọ yìí ti ka ọ̀pá ju iye ìgbà tí ẹ ti fọn fèrè ọrùn yín yẹn lọ," ni bàbá wí. "Ohun tó bá pè, ẹ gbà á bí ẹni pé èmi ni mo pè é." Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ náà létí, àyà rẹ̀ sì wú.

Bí wọ́n ṣe wọnú yàrá ẹ̀yìn nìyẹn, àwọn méjì péré, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Agbókè ń bọ́ ẹ̀wù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bó àlùbọ́sà. Abẹ́ ẹ̀wù ni ẹ̀wù míì wà, abẹ́ ìyẹn ni ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé ara rẹ̀ yípo kí ó lè máa làágùn. Ọ̀gá Kékeré kò mọ ibi tó máa gbójú sí. Ó rí orúnkún méjèèjì tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ó rí ibi tí bẹ́líìtì tó fi ń gbé irin ti bó ìbàdí rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ọ̀gá níbí?" ni Agbókè bi í. Ohùn rẹ̀ kéré, ó há.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, mà. Orúkọ ni wọ́n fi ń pè mí." Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà já lẹ́nu rẹ̀: "Mo ní àwòrán yín, mà. Èyí tí ẹ ti gbé irin sókè, tí ẹ la ẹnu."

"Èyí tí mo ti la ẹnu bí ẹja?" Agbókè rẹ́rìn-ín, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i. "Wò ó. Fọwọ́ kàn án." Ọmọ náà fọwọ́ kan àwọn kókó líle tó wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé ìdí tí wọ́n fi wọlé. Òun náà nìyí, ó wí fún ara rẹ̀. Òun gan-an ni.

Agbókè gun pẹpẹ. Ọ̀gá Kékeré ti irin sí ọgọ́ta. Gbà! Imú ọ̀pá fò lọ sókè. Ó tì í síwájú, ó tún tì í, ó ń rọra bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ojú mọ́kànlélọ́gọ́ta àti ààbọ̀ ni imú ọ̀pá ti wá léfòó, ó dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ náà la ẹnu láti pè é.

"Dúró." Agbókè ti fi ìka lé ètè. "Má tíì pè é. Jọ̀ọ́, àbúrò mi."

Ẹni tó ń gbé òkè ló ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí. Ọ̀gá Kékeré pa ẹnu dé.

"Láti àná, omi ò kan ètè mi," ni Agbókè wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ti sáré, mo ti làágùn, mo ti tutọ́ títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi. Èyí tó kù yìí, tí mo bá sùn mọ́jú, á ti lọ kí wọ́n tó wọ̀n wá lọ́la. Mo mọ ara mi. Ṣùgbọ́n Kóòṣì ò ní gbọ́. Ọmọ kan wà nínú mọ́tò níta yẹn báyìí, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì. Tí o bá pe iye yẹn, òun ni wọ́n á gbé lọ. Wọn ò sì ní gbé mi lọ mọ́ láéláé, mo ti ń dàgbà. Ṣé ó yé ọ?"

Kò yé e. Ó mi orí pé ó yé òun.

"Ti irin yẹn padà sí ọgọ́ta."

Ó tì í padà. Gbà! Agbókè wá gbé ìka ọwọ́ méjèèjì lé ojú fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Imú ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀. Ó mì díẹ̀, ó wá léfòó, kò kan òkè, kò kan ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ẹni tó lè gbé irú irin yẹn sókè kí apá rẹ̀ má gbọ̀n, ṣé kílò kan àti ààbọ̀ ló máa ṣòro fún un láti fi ìka gbé kúrò? Ó dúró bí ère.

"Kí ni ọ̀pá wí?" ó béèrè.

"Ọgọ́ta, mà."

"Ṣé o rí i? Mi ò ní kó o parọ́. Ohun tí ọ̀pá wí ni kó o wí."

Ibí yìí ni orí ọmọ náà ti dàrú pátápátá, èmi ò sì dá a lẹ́bi, torí àgbàlagbà tó mọ̀wé pàápàá lè dúró síbẹ̀ kó máa họrí. Òfin bàbá rẹ̀ náà kọ́ ni Agbókè sọ yìí? Ohun tí ọ̀pá bá wí ni kí o wí. Ọ̀pá sì wí pé ọgọ́ta. Ojú rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan náà rí ìka mẹ́wàá lójú fèrèsé. Àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin máa ń ṣe irú ẹ̀ báyìí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti abẹ́ pẹpẹ, òun fúnra rẹ̀ sì ti pariwo mọ́ wọn rí débi pé ọ̀kan nínú wọn sá jáde. Àbí bí wọ́n ṣe ń wọn àwọn ẹni ńlá nìyí? Àbí òfin wà fún àwọn tí àwòrán wọn wà nínú ìwé ìròyìn, tí bàbá kò tíì kọ́ òun?

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí jẹ́jẹ́, "ọwọ́ yín wà lójú fèrèsé."

"Mo mọ̀," ni Agbókè dáhùn.

Ìyẹn tún wá dà á láàmú jù. Àwọn tó ń rẹ́ni jẹ máa ń búra ni. Wọ́n á ní, "Èmi kẹ̀? Ọwọ́ wo?" Kò tíì rí ẹni tó ní òun mọ̀ rí, tó sì tún wò ó lójú pẹ̀lú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá Kékeré!" Bàbá rẹ̀ ló pè láti ìta. "Mélòó ni?"

Ó la ẹnu. Ọgọ́ta ń bẹ lórí ahọ́n rẹ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta àti ààbọ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì há sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí èyí tó jáde.

"Ṣé ọmọ náà ti sùn lọ ni?" ni alápatà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Pè é," ni Agbókè wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òógùn tún ti yọ lójú rẹ̀. "Jọ̀ọ́. Ìka mi ti ń rẹ̀."

"Bàbá, kí ló dé?" ni Kóòṣì béèrè. "Ẹ ní ó mọ̀ ọ́n kà. Bọ́ọ̀sì ń dúró dè wá o."

Ọmọ náà gbọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn, tó sì dúró síbẹ̀. Kò lè wọlé, kò sì tún béèrè mọ́. Ó mọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó ń fi ẹnu bá alápatà jà lórí ọ̀rá kò lè ṣàdédé ya odi nídìí ọ̀pá láìnídìí. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń gbé nǹkan méjì yẹ̀ wò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀.

"Ẹ má bínú o, Kóòṣì," ó wí. "Ẹ̀bi mi ni. Sìkéèlì yẹn ò dára lónìí."

"Kò dára báwo?"

"Ó ti bàjẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣe ségesège, mo gbàgbé láti sọ fún yín ni. Ohunkóhun tó bá wí, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n níbi tí ẹ bá dé."

"Sìkéèlì ńlá?" Ẹ̀rín ti kúrò lóhùn alápatà. "Èyí tí ẹ fi ń yẹ tiwa wò? Bàbá, òun náà lẹ fi yẹ tèmi wò láàárọ̀ yìí!"

"Òun náà ni," ni Bàbá Onísìkéèlì wí.

"Òun náà la fi yẹ ti ẹgbẹ́ wò," ni Kóòṣì wí. "Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ ṣá?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti bàjẹ́."

Nínú yàrá, Agbókè mí kanlẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó sì ṣẹ́jú sí i bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé kò sí ẹni tó ní láti pe ohunkóhun mọ́. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀nà là fún gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí ọ̀nà yẹn.

Ọ̀gá Kékeré kò tíì gbọ́ kí bàbá rẹ̀ parọ́ rí. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣì í gbọ́. Òṣùwọ̀n bàjẹ́ báwo? Àárọ̀ yìí kan náà ni òun àti bàbá jọ gbé àwọn irin ìwọ̀n lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, tí bàbá sì fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbá ẹṣin lẹ́yìn, tó ní, "Ẹni tó bá rí àléébù rẹ, kó wá gba ìsọ̀ mi." Ó rí i lọ́kàn bí alápatà ṣe máa rìn káàkiri ọjà, tó máa sọ ọ́ fún ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan.

"Kò bàjẹ́!" ó kígbe. "Bàbá mi, kò bàjẹ́! Mọ́kànlélọ́gọ́ta àti ààbọ̀ ni! Wọ́n fi ọwọ́ ti ojú fèrèsé ni! Sìkéèlì wa ò bàjẹ́!"

Ìka Agbókè yọ̀ kúrò lójú fèrèsé. Gbà! Imú ọ̀pá fò sókè, ariwo rẹ̀ sì já dé ìsọ̀. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni Kóòṣì wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò pariwo rárá, "Wọ aṣọ rẹ." Ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lọ síta, wọ́n gbọ́ tí ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, tó sì ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Agbókè sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Kò na ọmọ náà, kò bú u, kò sì wò ó. Ó gbé ẹ̀wù òtútù nìkan wọ̀, ó gba ilẹ̀kùn kejì jáde sí ẹ̀yìnkùlé láìwọ bàtà.

Ọ̀gá Kékeré ṣílẹ̀kùn sí ìsọ̀. Ó ń retí kí bàbá gbé òun sókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ká oníjìbìtì mọ́, bàbá á gbé e lé èjìká, á ní, "Ẹ wo ojú!" Alápatà ń mi orí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ pé òun mọ̀, òun ti mọ̀ látilẹ̀ pé sìkéèlì náà ò lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín orúnkún.

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?" ó bi í. Kì í ṣe ìbínú ló fi bi í. Ì bá sàn kó jẹ́ ìbínú.

"Ẹ ní ó bàjẹ́, sà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò sì bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́."

"Ẹ ní kí n máa wí ohun tí ọ̀pá bá wí."

"Mo ní bẹ́ẹ̀." Bàbá fi ọwọ́ nu ojú, epo ẹ̀rọ sì kù síbẹ̀. "Mo ti gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn ìwọ àti obìnrin yẹn ná. Orúkọ tèmi ni mo fi gbé e. Orúkọ á tún padà wá, ọmọ mi. Èmi ni mo ni ín."

Ọmọ náà dúró láàárín ìsọ̀. Bí òun bá pe ọgọ́ta, kò dára. Bí òun bá dákẹ́, bàbá parọ́ mọ́ òṣùwọ̀n. Òun wá pe ohun tó jẹ́ òótọ́, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn àfi alápatà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá òwe kan máa jáde, torí bàbá ní òwe fún gbogbo nǹkan, títí kan búrẹ́dì tó bá jóná. Kò sí òwe kankan tó jáde.

"Ọ̀gá Kékeré!" Agbókè ló ń pè láti ẹ̀yìnkùlé. "Wá!"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá fi orí tọ́ka ọ̀nà fún un pé kó lọ. Ó bá Agbókè lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, nínú ẹ̀wù òtútù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ẹ̀rọ náà. Ìka tó ti rẹ̀ náà kò lè ṣí i.

"Bá mi ṣí i," ó wí. "Ó le."

Ẹ̀rọ náà kò le. Ọ̀gá Kékeré fi ọwọ́ kan ṣí i, bó ṣe máa ń ṣí i lójoojúmọ́. Agbókè gbé ẹnu sí abẹ́ rẹ̀. Ó mu, ó mu, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, omi ń ṣàn wọ inú ẹ̀wù rẹ̀, kò bìkítà. Ó gbé orí sókè, ó mí, ó tún padà lọ. Ọmọ náà kò tíì rí ẹni tí omi dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń sunkún, torí ojú rẹ̀ tutù tán. Nílé, ẹni tí nǹkan bá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ máa ń sọ pé òun ò lè fi nǹkan kan kan ẹnu. Kí wá ni eléyìí? Níta, mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó lọ. Agbókè gbọ́ ọ, ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú omi lẹ́nu, ó sì gbé e mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Ọ̀gá Kékeré wí, "ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Agbókè wí. Ó gbé ọwọ́ tútù rẹ̀ lé èjìká ọmọ náà, ó sì fi ara tì í bí ẹni tó fẹ́ fi í dìde, ṣùgbọ́n kò dìde. "Mo ń bínú sí ọ gan-an. Áà, omi yìí mà dùn o! Ṣí i sí i."

Ọ̀gá Kékeré fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹ̀rọ náà títí kò fi yí mọ́.